«Ẹni tó ní ká forúkọ bo òun láṣìírí»: ṣé lóòótọ́ ni olórí ìjọba àti mínísítà rẹ̀ ń jà?

Ọmọ-Ìwé-Ìròyìn kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá báyìí tí àwọn ìwé ìròyìn ti ń gbé e pé olórí ìjọba orílẹ̀-èdè kan àti mínísítà ètò ìnáwó rẹ̀ ò fẹ́ rí ara wọn sójú mọ́. (N ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú la máa fi gbogbo rẹ̀ ṣe.) Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní mínísítà fìbínú jáde nípàdé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kò fìbínú jáde, pé ó lọ tọ̀ ni. Lọ́jọ́ kẹta, agbẹnusọ olórí ìjọba jáde, ó ní ọ̀gá òun fọkàn tán mínísítà náà pátápátá. Ìyẹn gan-an ló wá já mi láyà.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú irú ìròyìn báyìí? Mẹ́sàn-án ni mo kà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. "Ẹnì kan tó sún mọ́ ilé ìjọba, tó ní ká forúkọ bo òun láṣìírí." Bí gbogbo wọn ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ta ni ẹni yìí gan-an? Ṣé kì í sùn ni?

Má-Tàn-Mí fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sùn jàre. Kò sí ìjà kankan. Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn bá gbẹ, àwọn oníròyìn á wá ẹni méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní àárín wọn ò gún. Ahọ́n àti eyín tó wà nínú ẹnu kan ṣoṣo ń bára wọn jà, ká tó wá sọ ti ẹni tó ń ṣọ́ àpò owó àtẹni tó fẹ́ ná an. Iṣẹ́ mínísítà ìnáwó ni kó máa sọ pé "kò sí". Iṣẹ́ olórí ni kó máa sọ pé "wá a wá". Ṣé ìjà nìyẹn?

Akọ̀wé-Fẹ̀yìntì fèsì:

Má-Tàn-Mí ọmọ mi, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, àmọ́ kò pé. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì mínísítà kan (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé èwo). A kì í fi ariwo mọ ìjà àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Fáìlì la fi ń mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí nǹkan ń lọ déédéé, fáìlì tí a bá gbé lọ sọ́dọ̀ olórí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé máa ń padà dé lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ìwé ọwọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀ á sì wà létí rẹ̀ gàdàgbà: "Ó dára. Ẹ máa bá a lọ." Nígbà míì, á tiẹ̀ fi àwàdà kékeré kan há etí ìwé. Nígbà tí nǹkan dàrú, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Irú fáìlì kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́hùn-ún. Nígbà tó jàjà dé, ìwé ọwọ́ akọ̀wé ló wà lára rẹ̀: "Wọ́n ti rí i." Wọn ò ní ó dára, wọn ò ní kò dára. Mínísítà mi gba fáìlì náà, ó wo gbólóhùn yẹn títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Oṣù mẹ́rin gbáko kọjá lẹ́yìn ìyẹn kí ìwé ìròyìn kankan tó kọ ọ́ pé àárín wọn ò gún.

Ohun mìíràn tí mo máa ń wò ni bóyá wọ́n ti yan olùdámọ̀ràn tuntun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti mínísítà bí ìbejì. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, orógún ti wọlé.

Ìtàn-Ò-Kú fèsì:

Ọ̀rọ̀ olùdámọ̀ràn tí Bàbá Akọ̀wé sọ yìí rán mi létí Margaret Thatcher àti Nigel Lawson nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1983 ni Thatcher fi Lawson ṣe mínísítà ètò ìnáwó, ó sì ń pọ́n ọn lé gan-an. Owó pọ́n-ùn ló dá wàhálà sílẹ̀. Lawson fẹ́ kí pọ́n-ùn wọ inú ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ń so iye owó wọn mọ́ra. Thatcher ní kí wọ́n fi owó òun sílẹ̀ fún ọjà. Nígbà tó di 1987, Lawson ti ń rọra so pọ́n-ùn mọ́ owó máàkì àwọn ará Jámánì láìkéde rẹ̀. Thatcher kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ẹnu àwọn oníròyìn Financial Times lòun ti gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n wá fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò. Ẹ gbọ́ ná! Oníròyìn ló wá ń sọ fún olórí ìjọba ohun tí mínísítà rẹ̀ ń ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 1988, Thatcher dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní kò sẹ́ni tó lè bá ọjà wọ̀yá ìjà kó borí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹni tó wà ní ìjókòó ló sì mọ ẹni tó ń bá wí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1989, ó mú Alan Walters padà wá láti máa gbà á nímọ̀ràn lórí ọrọ̀ ajé. Ọkùnrin yìí ò gba ti Lawson rárá, kò sì fi bò. Ìjọba kan ṣoṣo wá di ẹlẹ́nu méjì: bí mínísítà bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣòwò owó á máa béèrè ohun tí Walters wí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, Financial Times gbé ọ̀rọ̀ kan tí Walters ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, níbi tó ti ní ètò owó Yúróòpù yẹn ò jinná. Nígbà tó di ọjọ́ 26, Lawson lọ bá Thatcher pé kí Walters máa lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á lọ. Thatcher kọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, Lawson ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ibi tó ti pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Walters náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà! Wákàtí díẹ̀ ni obìnrin náà fi pàdánù àwọn méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Brian Walden ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń tẹnu mọ́ ọn léraléra pé ipò Nigel ò ṣeé mì. Ẹni tí ipò rẹ̀ ò ṣeé mì ti wà nílé ẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Lásìkò tí ìwé ìròyìn ń kọ ọ́, àwọn kan ní àsọdùn ni. Ó hàn lẹ́yìn náà pé àsọkù ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1989, kí Thatcher tó lọ sípàdé kan ní Madrid, Lawson àti Geoffrey Howe tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti jọ lọ ká a mọ́lé pé àwọn méjèèjì á fipò sílẹ̀ bí kò bá yí ohùn padà.

Má-Tàn-Mí fèsì:

Ẹ ti bá Thatcher lọ jìnnà jù. Ẹ wo Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, lẹ́tà tí Ibe Kachikwu, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, kọ sí Ààrẹ Buhari já síta. Ó ń fẹjọ́ Maikanti Baru, ọ̀gá àgbà NNPC ìgbà yẹn, sùn pé ó ń gbé iṣẹ́ àgbàṣe ńláńlá jáde láìfi tòun ṣe. Bílíọ̀nù 25 dọ́là ni gbogbo èèyàn ń pariwo, NNPC sì ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tí mo bá bá pàdé ni ó ń sọ fún mi pé Kachikwu ti lọ nìyẹn. Ṣé ó lọ? Ó wà lórí àga rẹ̀ títí sáà ìjọba náà fi parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2019! Ẹ sọ fún mi, ibo ni ìjà náà wà?

Ọ̀pẹ̀lẹ́ngẹ́ fèsì:

Inú lẹ́tà ló wà, arákùnrin mi. Mínísítà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹni tó forúkọ bo ara ẹ̀ láṣìírí. Ó sì wà nínú lẹ́tà náà pé òun ò rí àyè dé ọ̀dọ̀ ààrẹ láti sọ ọ́ lójúkojú. Ẹ má gbàgbé pé Buhari fúnra rẹ̀ ni mínísítà àgbà fún epo rọ̀bì nígbà yẹn, ìyẹn ni pé ọ̀gá Kachikwu gan-an ni kò rí bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ni pé bí wọ́n bá ti ní ìjà wà, ohun tí à ń gbọ́ ni pé wọ́n máa lé e. Ìjà lè wà fún ọdún méjì kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé-Fẹ̀yìntì fèsì:

Ọ̀pẹ̀lẹ́ngẹ́ sọ ọ́ re. Lílé mínísítà lówó lórí. Ní Nàìjíríà tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, òfin ní ó kéré tán mínísítà kan gbọ́dọ̀ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì gbọ́dọ̀ yẹ ẹni tuntun wò. Bí o bá lé ọ̀kan, àwọn èèyàn ìpínlẹ̀ rẹ̀ á dé sẹ́nu ọ̀nà rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ olórí ló rò ó pé ó sàn kí òun máa kọ "Wọ́n ti rí i".

Ìyá-Oníròyìn fèsì:

Ẹ kúulé o. Ẹ jẹ́ n dá sí i, torí mo ti jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn rí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ ìròyìn òṣèlú fún ìwé ìròyìn kan. Ẹni tó ní ká forúkọ bo òun láṣìírí, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, ó sì ń sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pè mí rí láti sọ fún mi pé àárín dán mọ́rán.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, fóònù mi dún. Ọkùnrin kan tó ń bá mínísítà kan ṣiṣẹ́ ni. Ó ní gbogbo ẹ̀ ti sú ọ̀gá òun, pé olórí ò jẹ́ kó mí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pé ogójì ìṣẹ́jú, ẹlòmíì pè láti ọ̀dọ̀ olórí, ó ní mínísítà náà ti ń ṣe kọjá àyè rẹ̀, wọ́n máa tó mú un wálẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó! Ẹni méjì, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Mo sáré gbé e lọ bá olóòtú mi. Kò tiẹ̀ kà á tán. Ó fi bírò rẹ̀ kan orúkọ àkọ́kọ́ tó wà nínú ìwé mi, ó ní, "Kí ni eléyìí máa rí jẹ níbẹ̀?" Ó kan ìkejì: "Ìyẹn náà ńkọ́?" Mo dúró bí igi.

Ìgbà tí mo wádìí ni mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pín ìṣúná ni. Ẹni àkọ́kọ́ ń wá àlékún owó fún iléeṣẹ́ mínísítà rẹ̀, ó fẹ́ kí aráàlú bá olórí bínú. Ẹni kejì, ipò mínísítà yẹn ló wà lójú òun fúnra rẹ̀. Wọn ò parọ́ o. Ìjà wà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ọwọ́ kálukú ló fi wọ̀n ọ́n fún mi. Ìpínrọ̀ mẹ́fà la kọ níkẹyìn, ojú ewé kẹrin la sì tì í sí, inú sì bí àwọn méjèèjì sí mi.

Nígbà míì sì rèé, agbẹnusọ olórí gan-an lẹni tí wọ́n ń forúkọ bò láṣìírí. Ní ọdún 1986, John Biffen, mínísítà kan lábẹ́ Thatcher, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ó yẹ kí ẹlòmíì náà hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí bí ẹgbẹ́ wọn bá ń lọ ìdìbò. Kò pẹ́ sígbà náà ni Bernard Ingham, agbẹnusọ Thatcher, bá àwọn oníròyìn ilé aṣòfin sọ̀rọ̀ lábẹ́ àdéhùn pé wọn ò ní dárúkọ òun. Ó fi Biffen wé irú ilé tó so mọ́ ti aládùúgbò lápá kan, tó dá dúró lápá kejì, bíi pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní nínú ìjọba. Gbogbo ìwé ìròyìn gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí "Ingham" níbì kankan nínú wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìdìbò, wọ́n yọ Biffen. Látìgbà tí mo ti mọ ìtàn yẹn, bí ìròyìn bá ti ní "àwọn tó sún mọ́ olórí ìjọba", olórí ìjọba fúnra rẹ̀ ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá fi hàn mí pé òun kọ́.

Ọmọ-Ìwé-Ìròyìn fèsì:

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń wo àwọn ìròyìn mi pẹ̀lú ojú mìíràn. Àmọ́ ti sísẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá jáde wá sẹ́ ẹ, ṣé kò wúlò fún nǹkan kan ni?

Ọ̀pẹ̀lẹ́ngẹ́ fèsì:

Ó wúlò, bí ẹ bá wo èyí tí wọ́n sẹ́ àti èyí tí wọn ò sẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2017, NBC gbé e pé Rex Tillerson, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, ti pe Trump ní òmùgọ̀ lẹ́yìn ìpàdé kan. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Tillerson bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, ó ní òun ò ronú àtifipò sílẹ̀ rí. Wọ́n ní, ọ̀gá, ìyẹn dára, àmọ́ ṣé ẹ pè é bẹ́ẹ̀? Ó ní òun ò ní bá wọn dá sí irú ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn. Agbẹnusọ rẹ̀ ló wá sẹ́ ẹ lẹ́yìn náà. Ẹni tí wọ́n ní ó bú ọ̀gá ẹ̀, tí kò sì bú u, "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó di ìparí oṣù kọkànlá, ìwé ìròyìn ní wọ́n fẹ́ fi Mike Pompeo rọ́pò rẹ̀. Trump kọ ọ́ sórí Twitter lọ́jọ́ kejì pé irọ́ ni, kò lọ síbì kankan. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ló ti wá fi há a pé àwọn kì í rí ọ̀rọ̀ bákan náà lórí àwọn nǹkan kan, pé òun ló sì ń sọ̀rọ̀ àṣekágbá. Ó sẹ́ ẹ, ó tún jẹ́wọ́ rẹ̀! Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2018, orí Twitter kan náà ló ti kéde pé Pompeo ló kàn.

Aláwàdà-Àdúgbò fèsì:

Ọ̀pẹ̀lẹ́ngẹ́, o fo ibi tó dùn jù. Ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn, Abuja ni Tillerson wà, ó ń parí ìrìn àjò rẹ̀ ní Áfíríkà. Ó fò dé ilé, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà ó gbọ́ tirẹ̀.

Èmi ò mọ̀ nípa fáìlì o. Ọkọ̀ òfuurufú lèmi máa ń wò. Pravin Gordhan, mínísítà ìnáwó South Africa, wà ní London lóṣù kẹta ọdún 2017, ó ń bá àwọn olówó sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú rẹ̀, Ààrẹ Zuma ní kó máa bọ̀ nílé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iṣẹ́ ti bọ́. Kwasi Kwarteng, mínísítà ìnáwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Washington lóṣù kẹwàá ọdún 2022, ó sọ fáwọn oníròyìn pé òun ò lọ síbì kankan. Ó já ìrìn àjò náà sí méjì, ó wọkọ̀ padà lóru, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń wo ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń bọ̀ lójú òkun. Liz Truss, olórí ìjọba, yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn ọjọ́ 38 péré. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé orí Twitter lòun ti rí i, nínú mọ́tò tó ń gbé òun lọ sọ́dọ̀ Truss. Ngozi Okonjo-Iweala náà, London ló wà lóṣù kẹjọ ọdún 2006 nígbà tí ìròyìn dé pé Ọbásanjọ́ ti yọ ọ́ kúrò lórí ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Oṣù méjì ṣáájú ni wọ́n ti gbé e kúrò ní iléeṣẹ́ ìnáwó lọ sí ti ilẹ̀ òkèèrè. Ó fipò sílẹ̀.

Bí mo bá di mínísítà lọ́la, kẹ̀kẹ́ ni n óò máa gùn.

Ìtàn-Ò-Kú fèsì:

Ha ha, Aláwàdà, o ò ní pa wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n dá ọ̀rọ̀ Ìyá-Oníròyìn padà díẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìròyìn kàn ń ròyìn ìjà ni. Nígbà míì, òun ló ń ṣe é. Ní oṣù keje ọdún 1962, Harold Macmillan, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ronú pé òun máa yọ Selwyn Lloyd, mínísítà ìnáwó rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, kó fara balẹ̀. Rab Butler, ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ ọ́n, lọ jẹun ọ̀sán pẹ̀lú Lord Rothermere tó ni Daily Mail. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà wà nínú Daily Mail! Ọwọ́ Macmillan ò gbé e mọ́. Ó pe Lloyd lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó yọ ọ́, ó sì yọ mẹ́fà mìíràn lé e lọ́jọ́ kejì. Mínísítà méje lọ nítorí oúnjẹ ọ̀sán kan.

Ó sì lè yí padà sí òdì kejì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2023, Netanyahu kéde pé òun yọ Yoav Gallant, mínísítà ètò ààbò Israel, torí ó ti sọ ní gbangba lọ́jọ́ tó ṣáájú pé kí wọ́n dá àtúnṣe ilé ẹjọ́ dúró ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn tú síta lóru yẹn. Wọn ò gbé lẹ́tà ìyọnípò lé Gallant lọ́wọ́ rárá, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, Netanyahu ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì sì jọ darí ogun lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú gbogbo gbúngbùngbún yẹn láàárín wọn. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló tó yọ ọ́ tán. Ọ̀pẹ̀lẹ́ngẹ́ ní ìjà lè wà fún ọdún méjì. Níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Olùdarí-Ojúde:

Mo ti yọ èsì mẹ́ta kúrò níbí tó dá lórí ẹ̀sìn àti ìyá ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Má-Tàn-Mí fèsì:

Èmi kọ́ o, kẹ́ ẹ má wò mí lójú.

Ó dáa, mo gba díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Mo gba ti fáìlì. Mo gba ti "kí ló máa rí jẹ níbẹ̀", ìyẹn gan-an ni mo ti ń gbìyànjú láti sọ látàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn lórí Tony Blair, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Gordon Brown, mínísítà ìnáwó rẹ̀. Odidi ọdún mẹ́wàá, láti 1997 dé 2007, ni ìwé ìròyìn fi ń kọ ọ́ pé wọ́n ń jà. Brown ò kúrò ní iléeṣẹ́ ìnáwó rí títí ó fi gba ipò Blair fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìròyìn wọ̀nyẹn sọ àsọtẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ìgbà mélòó ló máa jẹ gbèsè?

Ìyá-Oníròyìn fèsì:

Má-Tàn-Mí, ibi tó o ti lágbára jù nìyí, n ò sì ní bá ọ jiyàn. Ìjà ti Blair àti Brown, òótọ́ ni, a sì máa ń kọ irú rẹ̀ bí ìròyìn ojú ọjọ́. Ọdún kìíní wọn ò tíì pé tí ẹnì kan tó sún mọ́ Blair fi sọ fún oníròyìn pé ọpọlọ Brown ní àbùkù kan. Gbogbo èèyàn sẹ́ ẹ. Kò yí nǹkan kan padà, torí agbára wọn dọ́gba jù: Blair ò lè lé e, Brown náà ò sì lè lọ. Èmi ò rò pé ìjà náà ló yẹ ká máa wọ̀n. Kí a bi ara wa pé, nínú àwọn méjèèjì, ta ni yóò fara pa jù bí wọ́n bá pínyà? Lawson lè lọ, ó sì lọ. Ọ̀pọ̀ mínísítà mìíràn, bí wọ́n bá lọ tán, ta ló máa gbọ́ orúkọ wọn mọ́?

Ọmọ-Ìwé-Ìròyìn fèsì:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo padà lọ ka àwọn ìròyìn mẹ́sàn-án yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo mú bírò dání. Méje nínú wọn, ìwé ìròyìn kan náà ni wọ́n tọ́ka sí. Ìkẹjọ ni ìròyìn ìwé ìròyìn yẹn gan-an. Ẹyọ kan tó kù ló gbọ́ tiẹ̀ láti ibòmíì. Ìyẹn ni pé orísun méjì ni mo ní, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Nínú àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó já síta ló mú kí mínísítà dà bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Nínú ìkejì, òun ni alágídí. Mo ti mọ ilé tí ìpè kọ̀ọ̀kan ti wá.

Lónìí, wọ́n gbé àwòrán ìpàdé ìgbìmọ̀ mínísítà jáde. Àga mínísítà ìnáwó ṣófo. Agbẹnusọ ní òtútù ló mú un.

Akọ̀wé-Fẹ̀yìntì fèsì:

Ẹ fẹ àwòrán náà sí i. Ta ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ṣófo yẹn, ta sì ni fáìlì ìṣúná wà níwájú rẹ̀?

Ọmọ-Ìwé-Ìròyìn fèsì:

Bàbá, ẹnì kan tí n ò rí níbẹ̀ rí ni. Mo ti wá orúkọ rẹ̀. Olùdámọ̀ràn pàtàkì sí olórí ìjọba ni, oṣù tó kọjá ni wọ́n yàn án.

Má-Tàn-Mí fèsì:

Ṣé òtútù kì í múuyàn mọ́ ni?